Láti Akèrègbè dé Kẹ́ẹ̀gì: Ìtàn Ohun Tí Yorùbá Fi Ń Mu Omi àti Ọtí

Ẹ yà sí ìdí ẹmu kan lẹ́bàá ọ̀nà lónìí. Kẹ́ẹ̀gì ike aláwọ̀ ìyeyè, tí òróró ti kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ kí ó tó di ti ẹmu, ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹlẹ́mu kò dé e pa. Ó kàn gbé ọmọrí lé e lẹ́nu ni, nítorí ẹmu ń hó, bí wọ́n bá sì dé e pa, kẹ́ẹ̀gì á wú títí á fi bẹ́. Ife ike ni wọ́n fi ń bu ún fún oníbàárà. Síbẹ̀, àgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò ní béèrè ife. "Ẹ bu igbá kan wá," ni yóò wí. Kò sí igbá níbẹ̀, ẹlẹ́mu sì mọ ohun tó ń sọ.

Igbá ti kúrò nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Yorùbá fi ń mu nǹkan ṣe rí. Ọ̀nà tí ọjà bá gbà wọ̀lú ni ohun ìmumi tuntun máa ń gbà wọlé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: láti oko, láti inú ilẹ̀, láti Òkè Ọya, láti orí òkun, àti láti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá to àwọn orúkọ náà tẹ̀ léra, ìtàn àwọn tí a bá ṣòwò àti àwọn tó jọba lé wa lórí ló tò yẹn.

Ohun tí oko so

Oko ni ohun ìmumi àkọ́kọ́ ti wá. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé ilẹ̀ Áfíríkà ni igbá tó ń fà nílẹ̀ ti ṣẹ̀, ó sì ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó la òkun kọjá. Èso náà fúyẹ́, kì í rì, omi iyọ̀ kì í sì í tètè pa hóró inú rẹ̀.

Bí èso náà bá ṣe rí ni Yorùbá ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó rí rìbìtì, tí a là sí méjì, ni igbá. Èyí tó tóbi tó sì jinlẹ̀ ni koto. Èyí tó lọ́rùn, tó ṣeé so okùn mọ́, ni akèrègbè, tí àwọn mìíràn ń pè ní kèrègbè tàbí kèǹgbè. Agbè ni wọ́n ń gbé lọ sódò. Ahá ni kékeré tí wọ́n fi ń bu ẹmu mu. Àtó ni ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àdó sì ni èyí tó kéré jù, tí oníṣègùn ń rọ oògùn sí.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ti oko bọ́ sẹ́nu tààrà. Akèrègbè ní láti gbó kí wọ́n tó já a. Wọ́n á lu ihò sí i lórí, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí inú rẹ̀ rà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á máa mì ín jìgìjìgì títí gbogbo hóró inú rẹ̀ á fi dà síta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn. Akèrègbè tuntun korò, nítorí náà wọ́n á máa rọ omi sí i, wọ́n á máa dà á nù, kí ẹmu tó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ yìí kò gba owó, àfi sùúrù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ilé olówó àti ilé tálákà ni igbá wà. Fífín ara igbá ló fi olówó hàn. Àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ló sì gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà.

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní Ifẹ̀ kò yọ ẹmu sílẹ̀. Olódùmarè rán Ọbàtálá wá láti dá ilẹ̀. Ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Samuel Johnson kọ ìtàn mìíràn sínú The History of the Yorubas, ìwé tó parí ní 1897 tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Nínú rẹ̀, láti Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá, lẹ́yìn ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nítorí òrìṣà. Ìtàn Mẹ́kà yìí kò mẹ́nu ba ẹmu. Ọ̀pọ̀ òpìtàn rí ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí nínú ìtàn Mẹ́kà. Ní ti Ifẹ̀, wọ́n gbà pé ìjà agbára láàárín àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó àti àwọn tó dé lẹ́yìn ló fara pamọ́ sábẹ́ ìtàn ẹmu yẹn. Ẹni tó bá ṣẹ́gun ló ń ròyìn ogun, ó sì rọrùn láti sọ pé ọtí ló mú ẹni tó pàdánù.

Ohun tí amọ̀ di

Igbá kò ṣeé gbé kaná, kò sì lè tọ́jú omi kó tutù fún ọjọ́ pípẹ́. Amọ̀ ló yanjú méjèèjì. Orù tó lọ́rùn tóóró ni wọ́n ń gbé sórí ti odò bọ̀, torí omi kì í tètè dànù nínú rẹ̀. Àmù ńlá ló ń jókòó sígun ilé. Ara àmù ní ihò tí ojú kò rí. Omi ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, inú àmù sì ń tutù. Iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ. Ní Ìpetumodù àti Ìlọrin, níbi tí àwọn amọ̀kòkò ti gbajúmọ̀, wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Amọ̀kòkò Ìlọrin á da ojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, á na amọ̀ bo ìdí rẹ̀, á sì fi ọwọ́ gbé ẹnu rẹ̀ ró. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún, wọ́n á bu omi èèpo irúgbá wọ́n ọn nígbà tó ṣì gbóná, kí ara rẹ̀ lè dán kó má sì jò.

Ifẹ̀ ni amọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọba. Láàárín nǹkan bí 1100 sí 1450, wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá ìlú náà: wọ́n to àfọ́kù ìkòkò dúró lórí etí wọn, ní ìlà tó ń dábùú ara wọn bí egungun ẹja. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí kò bá ìyẹn mu pátápátá. Iṣẹ́ náà ju ìgbà ọba kan lọ, irú rẹ̀ sì wà ní àwọn ìlú mìíràn títí wọ ilẹ̀ Benin àti Tógò. Ó ṣeé ṣe kí Lúwo ṣe tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì gba ti gbogbo àwọn yòókù mọ́ra.

Nínú àwọn àgbàlá kan, wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín àpáàdì náà, níwájú ojúbọ, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sókè. Ohun mímu tí wọ́n bá tá sílẹ̀ ni ọrùn ìkòkò yìí ń gbà. Èèyàn ń mu láti inú igbá, ilẹ̀ náà ń mu láti inú ìkòkò. Ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́kọ́ kan àwọn ère ní 1957 kí awalẹ̀pìtàn Frank Willett tó wá walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí ohun kékeré kan tí wọ́n fi idẹ rọ: ayaba tó ká ara rẹ̀ mọ́ ìkòkò tó wà lórí àpótí. Kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbé lọ. Ìkòkò tí wọ́n bá fi idẹ rọ báyìí kì í ṣe ti omi ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ ipò àti agbára ló wà nínú rẹ̀.

Igbá òfìfo

Ní Ọ̀yọ́-Ilé, igbá wọ inú òṣèlú. Kò sí ẹni tó lè lé Aláàfin kúrò lórí ìtẹ́ láàyè. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí rẹ̀, ní ohun tí wọ́n ń gbé ránṣẹ́ sí ọba nígbà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ọba tó bá sì rí i mọ̀ pé ikú ló kù. Kí ni ohun náà? Ibí yìí ni àkọsílẹ̀ ti yà. Archibald Dalzel, tó ti ṣe ọ̀gá ní ilé odi Gẹ̀ẹ́sì ní Ouidah, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1793 pé ẹyin odídẹrẹ́ ni, àti pé ní 1774 ọba kan kọ̀ ọ́, kò gbà á. Johnson, tó gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin, àwọn òpìtàn ààfin, sọ pé igbá òfìfo tí a dé lọ́mọrí ni. Àwọn mìíràn so méjèèjì pọ̀, wọ́n ní inú igbá ni ẹyin náà ń wà. Etíkun ni Dalzel ti gbọ́ tirẹ̀, jìnnà sí ààfin. Àwọn arọ́kin sì ń sọ ìtàn náà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń gbé lọ yí padà láti ìgbà dé ìgbà.

Ìgbà tí gbogbo ayé rántí ni ti Aláàfin Awólẹ̀, ní nǹkan bí 1796. Kó tó jọba, baálẹ̀ Apòmù ti jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú. Nígbà tó gorí ìtẹ́, ó rán ogun sí Apòmù, ìlú ọjà tó wà lábẹ́ Ifẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba Ọ̀yọ́ ti búra pé òun kò ní kọlu Ifẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbìmọ̀ láti pa Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò: ó ní kí ogun lọ kọlu Ìwéré, ìlú orí òkè tí kò rọrùn láti gbà, kí Afọ̀njá lè kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun mọ ètè náà, wọ́n yí padà, wọ́n sì gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Awólẹ̀. Johnson sọ ohun tó ṣe kó tó mu májèlé. Ó ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù àti sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní ibi tí ọfà wọ̀nyí bá kọjú sí ni wọn yóò máa kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Ó wá gbé àwo amọ̀, ó là á mọ́lẹ̀. Ó ní igbá tó bá fọ́ ṣeé gán, àwo tó bá fọ́ kò ṣeé tún ṣe; kí ọ̀rọ̀ òun rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ni ọba náà sọ. Igbá tó sán, wọ́n á fi okùn gán an, yóò sì tún bu omi. Àwo tó fọ́ ti di àpáàdì. Àwọn òpìtàn kò gbé ìṣubú Ọ̀yọ́ ka orí èpè nìkan. Robin Law, nínú ìwé tó kọ lórí ìjọba Ọ̀yọ́ ní 1977, àti àwọn mìíràn tọ́ka sí agbára ogun tó ti ń dínkù. Ìbàrìbá ti ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní 1783, Tápà tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1790, Ẹ̀gbá sì ti gba ara wọn sílẹ̀. Èpè Awólẹ̀ fún àwọn tó bọ́ nínú ìparun náà ní ọ̀nà láti ròyìn rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro.

Ohun tó la òkun kọjá

Ogun tó tẹ̀ lé e kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ sí Bahia ní Brazil àti sí Cuba. Wọn kò gbé akèrègbè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Ní Brazil títí dòní, igbá ni àwọn olórìṣà Candomblé ń pe ohun tí wọ́n kó àwọn nǹkan òrìṣà pamọ́ sí, ìbáà jẹ́ amọ̀ tàbí àwo dídán. Ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn Yorùbá ní Lùkùmí, òkúta òrìṣà kúrò nínú igbá àti ìkòkò, ó wọ inú sopera, abọ́ ọbẹ̀ olómọrí tí àwọn olówó Spéìn ń gbé sórí tábìlì. Ẹwà àti ọlá wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá wọlé kò sì ní tètè mọ ohun tó wà nínú abọ́ olówó. Ṣùgbọ́n fún omi tútù tí wọ́n ń tá sílẹ̀, èso igi tí a là sí méjì ni wọ́n ṣì ń lò.

Ohun tó ti Òkè Ọya wá

Kí Ọ̀yọ́-Ilé tó di ahoro ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ Ọ̀yọ́. Àwọn kan sọ pé Mali ni ọ̀rọ̀ "ìmàle" ti wá, àwọn mìíràn ní "ìmọ̀ líle" ni. Ohun tó dájú ni pé òwò àti ẹ̀sìn jọ gba ọ̀nà kan náà wọlé. Tásà jẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó gba ẹnu Hausa dé ọ̀dọ̀ wa, àlùwàlá sì gba ọ̀nà kan náà. Mùsùlùmí kò mu ẹmu mọ́, ṣùgbọ́n ó nílò ohun tí yóò fi rọ omi sọ́wọ́ àti sẹ́sẹ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́. Nítorí náà ni ohun ìrọmi tó ní ẹnu àti ìdìmú ṣe di ti gbogbo ilé Mùsùlùmí. Nígbà tí òyìnbó dé, kẹ́tù gba iṣẹ́ náà. Garawa pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rọ̀ Hausa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agolo ńlá tí kẹrosíìnì òyìnbó bá wá ni ọ̀pọ̀ ilé fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ti orí òkun wá

Ọkọ̀ òyìnbó gbé ohun méjì tó jọra wá: ìbọn ńlá tó ń dún láti orí ọkọ̀, àti igi rìbìtì tí wọ́n fi irin dè, tí ọtí tàbí epo wà nínú rẹ̀. Yorùbá pe méjèèjì ní àgbá. Ẹni tó bá wo òwò etíkun nígbà náà kò ní sọ pé orúkọ náà kò bá a mu: nínú òwò tó gbé ọtí wá ni ìbọn ti wá, ènìyàn sì ni wọ́n fi san owó méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn àgbá ni ṣágo, ìgò ńlá tí wọ́n hun nǹkan yí ara rẹ̀ ká kó má baà fọ́, àti ìgò olójú mẹ́rin tí jíìnì Holland àti ti Jámánì ń bá wá, tí wọ́n tò sínú àpótí. Gẹ̀ẹ́sì yin Èkó lágbá ní 1851, wọ́n sì gbà á pátápátá ní 1861. Láti ìgbà náà, owó ibodè lórí ọtí di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ìjọba fi ń rówó. Àwọn oníwàásù ń pariwo, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí òwò ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1909, ṣùgbọ́n ọtí ń wọlé síbẹ̀. Jíìnì wá di ohun tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó àti ohun tí wọ́n fi ń tá sílẹ̀ fún òkú ọ̀run. Ẹmu kì í pẹ́ kó tó kan. Jíìnì kì í bàjẹ́, ó sì ṣeé tò pamọ́ títí ọjọ́ ìnáwó. Ìgò òfìfo rẹ̀ náà kì í ṣòfò: epo, kẹrosíìnì àti àgbo wọ inú rẹ̀.

Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, ago ni Sáàmù 23 lò, kì í ṣe igbá tàbí ahá. Láti ìgbà náà ni ago ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ife sì jẹ́ ti ilé. Ẹni tó ń mumi nílé kì í sábà sọ pé òun fẹ́ ago.

Ní 1919, àdéhùn St. Germain fi òfin de ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, tí owó epo pupa já wálẹ̀ tí àpò sì gbẹ, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sè ògógóró fúnra wọn. Wọ́n á da ògùrọ̀ tó ti kan sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, á sì kán sínú ìgò. Ọlọ́pàá ń lé wọn kiri inú igbó. Àwọn ohun èlò tí òwò òyìnbó sọ sílẹ̀, dúrọ́ọ̀mù, páìpù àti ìgò, ni wọ́n fi ń bá òwò òyìnbó díje.

Ohun tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe

Ife tánganran dé, kò fọ́ bí amọ̀, kò sì kán bí igbá. Ìyàwó tí ì bá kó igbá fínfín lọ ilé ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó báàfù tánganran. Nigerian Breweries tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949. Ìgò yìí kì í ṣe ti ẹni tó mu ún. Ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn gbọ́dọ̀ gbé ìgò òfìfo wá. Ní Ọ̀yọ́, òfìfo ló ń lé ọba kúrò láyé. Ní ọjà bíà, òfìfo ló ń gba ẹ̀kún wá.

Ní 1952, Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé The Palm-Wine Drinkard jáde. Ọ̀mùtí inú rẹ̀ ń gba 150 kẹ́ẹ̀gì ẹmu láàárọ̀, ó sì ń gba 75 sí i nírọ̀lẹ́. Tutùọlá kò kọ akèrègbè. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti àgbá kékeré onígi lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ló lò, nígbà tó sì yá, ike ni gbogbo Nàìjíríà ń pè bẹ́ẹ̀. Ike borí nítorí pé ó fúyẹ́, kì í fọ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Adẹ́mu tó bá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ lè pàdánù ẹsẹ̀, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò ní fọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni píọ̀ wọ́tà dé, omi inú ọ̀rá tí a ń fi eyín já. Kò nílò ife, kò nílò àmù, kò sì bímọ orúkọ kankan.

Èyí tó kù

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ní Òṣogbo, wúńdíá kan á ru igbá tí wọ́n fi aṣọ bò láti ààfin dé Ojúbọ Ọ̀ṣun, inú igbó tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Àrùgbá ni wọ́n ń pe wúńdíá náà. Kò sí ẹni tó gbà pé kí ó fi báàfù rọ́pò igbá. Nígbà tí ọmọ ìkókó bá kú, àwọn àgbà á wí fún ìyá rẹ̀ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Kò sí ẹni tó ní kẹ́ẹ̀gì kò fọ́, torí kẹ́ẹ̀gì kì í fọ́, ọ̀rọ̀ ìtùnú sì nílò ohun tó lè fọ́.

Igbá yóò pẹ́, nítorí pé ó ní ọba, ìyàwó àti òrìṣà lẹ́yìn. Agbè ní òwe. Koto, orù àti ahá kò ní ẹnì kankan. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú ńlá lónìí mọ kọ́ọ̀bù, ó mọ jọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n koto, orù àti ahá ti di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é, bí kò bá sì pè é mọ́, kò sí ẹni tí yóò bá a pè é.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún dé ìdí ẹmu, ẹ má ṣe ní kí wọ́n bu igbá kan wá. Ẹ ní kí wọ́n bu ahá kan. Bí ẹlẹ́mu bá bi yín pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fà á jókòó, kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un.